Ayálégbé Nínú Ilé Ara Rẹ̀

Tí ẹ bá dé Fadikpe ní Minna, tí ẹ ní ẹ ń wá ilé Alhaja Sáfúrátù, wọ́n lè tọ́ka sí ilé mẹ́ta fún yín, torí Alhaja tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ ládùúgbò wa. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní Hajiya Mai Haraji lẹ ń wá, oníkẹ̀kẹ́ á gbé yín dé ẹnu géètì láìbéèrè ọ̀nà. Hausa ni. Haraji ni owó orí, mai haraji sì ni ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ owó orí di tirẹ̀. Àwọn onílé ẹgbẹ́ rẹ̀ ló fi orúkọ náà ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀, torí wọn ò tíì rí ẹni tó nílé tó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí ọ́fíìsì owó orí lọ́dọọdún láìjẹ́ pé wọ́n wá mú un. Ó gba orúkọ náà lọ́wọ́ wọn, ó sì ń jẹ́ ẹ. Ìyá tó bí màmá mi ni. Ó kú ní oṣù kẹta ọdún yìí, lọ́jọ́ Ẹtì, lẹ́yìn tó kírun àsùbáà tán.

Mi ò ní sọ ìtàn ayé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n ti ka ìyẹn nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ, wọ́n sì ní kò bínú sí ẹnikẹ́ni rí. Mo wo ojú màmá mi, màmá mi wo ilẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni mo fẹ́ kọ, torí èmi ni mo ń jókòó tì í nídìí ìwé fún nǹkan bí ogún ọdún, àti torí pé ọ̀rọ̀ ilé mẹ́ta tó fi sílẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dà wá rú.

Ọ̀kan wà ní Sabon Gari, ṣọ́ọ̀bù ni gbogbo iwájú rẹ̀. Èkejì wà ní Bosso, yàrá tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé. Ẹ̀kẹta ni ti Fadikpe, níbi tí òun fúnra rẹ̀ ń gbé. Kò sí èyí tó wà lórúkọ rẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kámpánì lìmítẹ́ẹ̀dì kan ló ni wọ́n, òun ló sì dá kámpánì náà sílẹ̀. Abọ́ tánganran ló fi gbogbo ayé rẹ̀ tà ní Sabon Gari, àwọn abọ́ olódòdó tí wọ́n ń kó wá láti Kano, kò sì sí ẹni tó rò pé irú obìnrin bẹ́ẹ̀ á mọ ohun tí wọ́n ń pè ní lìmítẹ́ẹ̀dì.

Ó mọ Yorùbá kà, ó mọ Kùránì kà, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ò yé e. Èmi ló sọ di ojú rẹ̀ nídìí Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà tó kọ́kọ́ gbé lẹ́tà kan síwájú mi, láti ọ́fíìsì tó ń gba owó ilẹ̀. Minna ni wọ́n bí mi sí, Hausa ni mo fi ń ṣeré, Yorùbá mi nígbà náà ń tiro. Mo ka lẹ́tà náà tán, mo ní, "Wọ́n ní kẹ́ ẹ mú owó wá." Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó fi ìka ka ìlà tó wà níbẹ̀, ó jẹ́ mẹ́jọ. Ó ní ṣé ìlà mẹ́jọ ni wọ́n fi sọ gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn. Ló bá dá ìwé padà fún mi, ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ọ̀rọ̀ tí mi ò bá mọ Yorùbá rẹ̀, á ní kí n sọ ọ́ ní Hausa, òun á wá fún mi ní Yorùbá rẹ̀. Bí mo ṣe gbọ́ Yorùbá nìyẹn. Àwọn ọmọ ìyá mi kọ́ ọ nídìí oúnjẹ, èmi kọ́ ọ nídìí lẹ́tà ìjọba àti agirimẹ́ǹtì ilé. Tí mo bá fẹ́ fo ìlà kan, ó máa ń mọ̀, á sì tún un sọ: "Àbẹ̀kẹ́, má sọ ohun tó o rò pé ó sọ fún mi. Sọ ohun tó sọ."

Ìdí tó fi fẹ́ràn ìwé tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe nǹkan ayọ̀. Bàbá wa àgbà ń ṣiṣẹ́ rélùwéè, wọ́n jọ kọ́ ilé kan sí Sabon Gari, owó abọ́ tánganran ìyá àgbà ni wọ́n sì fi kan òrùlé rẹ̀. Nígbà tí bàbá kú, àwọn àbúrò rẹ̀ méjì wá láti Ìkìrun lẹ́yìn ogójì ọjọ́, wọ́n mú ẹni tó fẹ́ ra ilé lọ́wọ́. Ọmọ mẹ́rin ló wà lọ́rùn ìyá àgbà nígbà yẹn, èyí tó kéré jù nínú wọn ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fún un láti kó jáde. Ó ń bínú ilé yẹn títí tó fi kú, kì í gba ọ̀nà ibẹ̀ kọjá tó bá ń lọ sọ́jà. Ṣùgbọ́n n kò gbọ́ kó ṣépè fún àwọn àbúrò ọkọ rẹ̀ rí. Ohun tó sọ fún mi nípa wọn kò ju èyí lọ: "Wọn ò bú mi, wọn ò nà mí. Wọ́n kàn bi mí níbo ni orúkọ mi wà."

Nítorí náà, nígbà tó ti ra ilẹ̀ mẹ́ta lọ́kọ̀ọ̀kan, tó sì ti kọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tán, ó ṣe ohun kan tí ẹnikẹ́ni ò ṣe rí nínú ẹbí wa. Ó pe Alfa, ó pe lọ́yà, lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà, sínú pálọ̀ kan náà. Ó gbé kúnú tútù fún àwọn méjèèjì. Mo wà níbẹ̀, ilé ìwé gírámà ni mo wà nígbà náà, èmi ni mo ń túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́yà. Ó kọ́kọ́ bi lọ́yà pé tí òun bá kó ilé sínú kámpánì tí òun sì kú, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí kámpánì. Lọ́yà ní kò sí ohun tó máa ṣe é, ìpín tó ní nínú rẹ̀ ló máa bọ́ sọ́wọ́ àwọn ajogún. Ó wá yíjú sí Alfa, ó ní ṣé ìyẹn ò lòdì sí ogún pínpín. Alfa ro ó díẹ̀, ó ní ìpín inú kámpánì náà dúkìá ni, bí Ọlọ́run ṣe là á kalẹ̀ ni wọ́n á ṣe pín in. Lọ́yà wá kìlọ̀ fún un pé kámpánì kì í dá wà o, ọdọọdún ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi ìṣirò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì owó orí, kí wọ́n sì tún fi ìwé mìíràn ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì tó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọjọ́ kan á jọ́kan, wọ́n á pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Alfa ní wàhálà náà pọ̀. Ìyá àgbà bu kúnú sí i fún un, ó ní, "Wọ́n á pín ìpín, wọn ò ní pín bíríkì. Ní ti wàhálà, mo ti tọ́ ọmọ mẹ́rin."

Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀, òun kan náà ló ṣe àṣìṣe tó burú jù nípa kámpánì náà, n kò sì ní bò ó mọ́lẹ̀ torí pé ó ti kú. Lọ́yà sọ fún un pé kámpánì kékeré ni tirẹ̀, pé owó orí tí ìjọba á gbà lórí èrè rẹ̀, òdo ni. Inú rẹ̀ dùn. Ó rò ó lọ́nà tí ọlọ́jà ń gbà ronú: tí n kò bá jẹ ẹ́ lówó, kí ni mo ń wá lọ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀? Ọdún mẹ́ta gbáko, kò fi ìwé kankan ránṣẹ́ síbẹ̀. Ìgbà tí oníkẹ́mísì kan fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù méjì ní Sabon Gari ni ọ̀rọ̀ bẹ́ sójútáyé. Kẹ́mísì náà ní ẹ̀ka káàkiri, wọn kì í gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ kámpánì tí kò bá ní ìwé ẹ̀rí pé ọ̀rọ̀ owó orí rẹ̀ mọ́. Kò ní.

A lọ sí ọ́fíìsì náà, èmi àti òun. Ọkùnrin Nupe kan ló dá wa lóhùn, Malam Ndagi, ó fi okùn dúdú so gíláàsì ojú rẹ̀ mọ́rùn. Ó gbọ́ ẹjọ́ wa tán, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Hajiya, ko sifili ne, sai an rubuta." Pé bó jẹ́ òdo ni, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ṣàlàyé ìtanràn ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún wa. Ọkùnrin kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa sún mọ́ ìyá àgbà, ó ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ní Yorùbá pé kó lọ rí ọ̀gá lókè, kó sunkún díẹ̀, wọ́n á ṣàánú àgbàlagbà. Ìyá àgbà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣí báàgì rẹ̀, ó yíjú sí Malam Ndagi. Ó ní, "N kò bá ẹ̀bẹ̀ wá, ọmọ mi. Àṣìṣe ni mo bá wá, ẹ jẹ́ n tún un ṣe."

Láti ọdún yẹn, oṣù kẹrin kì í parí kí ìwé wa tó délẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìparí oṣù kẹfà ni wọ́n dá fún wa. Bí mo bá ń kọ ọ́, á fà sún mọ́ mi, á máa wo bírò mi bí ẹni tó ń wo aṣọ tí télọ̀ fẹ́ gé. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ di orí kọ̀ǹpútà, ó ní kí n gbé kọ̀ǹpútà náà yíjú sí òun. Tá a bá dé ibi tá a ti ń kọ iye owó orí, ó máa ń sọ ohun kan náà: "Kọ òdo yẹn kó yí po dáadáa, kí ẹnikẹ́ni má rí àyè fi nǹkan kan sí i."

Oníkẹ́mísì yẹn gba ṣọ́ọ̀bù nígbẹ̀yìn, àmọ́ òun náà rí ìjà rẹ̀. Nígbà tó san owó ilé ọdún kejì, owó náà dín. Ìyá àgbà lọ bá mánẹ́jà wọn. Mánẹ́jà ní òfin ló ní kí àwọn yọ díẹ̀ nínú rẹ̀ fún ìjọba, pé owó orí kámpánì Hajiya ni àwọn bá a san sílẹ̀. Ìyá àgbà ní, "Ta ló rán ọ pé kó o bá mi san án?" Ọmọ náà ń ṣàlàyé, òógùn ń bọ́ lára rẹ̀. Mo fi fóònù sọ fún ìyá àgbà pé òótọ́ ló ń sọ, ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n fún un ní ìwé tó fi hàn pé owó náà dé ọ̀dọ̀ ìjọba. Mánẹ́jà ní ìwé náà ò tíì jáde. Ló bá jókòó. Ó jókòó sórí àga tí wọ́n gbé síbẹ̀ fún aláìsàn, láàárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ó tún padà lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú tẹ̀sùbáà rẹ̀. Àwọn tó wá ra oògùn ń kí i, "Sannu, Hajiya, Allah ya ba da lafiya," wọ́n rò pé ara rẹ̀ ni kò yá. Lọ́jọ́ kẹta, ìwé jáde. Nígbà tí mo ní ó ti le jù, ó wò mí bíi pé mi ò gbọ́n: "Owó ti kúrò lọ́wọ́ mi. Ìwé ló kù tí mo lè dì mú."

Àmọ́ nínú gbogbo ìwà rẹ̀, èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti oṣù kìíní. Ilé kámpánì ló ń gbé, nítorí náà ó ń sanwó ilé. Bó bá di ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú ọdún, á wẹ̀, á fi ìborùn rẹ̀ tó dára borí, á gbé báàgì dání, á jáde nínú yàrá rẹ̀, á rin ìṣísẹ̀ mẹ́sàn-án dé ìdí tábìlì pálọ̀, á sì kí mi: "Ẹ káàárọ̀ o, akọ̀wé kámpánì." Látìgbà tí mo ti parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ ló ti fi mí ṣe dárẹ́kítọ̀ kejì, àwa méjì la wà níbẹ̀. Á fi ìwé báńkì hàn mí pé òun ti san án sínú àkáǹtì kámpánì. Èmi á kọ rìsíìtì: Alhaja Sáfúrátù, yàrá iwájú àti pálọ̀, láti oṣù kìíní di oṣù kejìlá. Mo ń rẹ́rìn-ín, òun ò rẹ́rìn-ín. Nígbà tó fẹ́ kan ìṣó mọ́ ògiri láti fi gbé aago kọ́, ó ní agirimẹ́ǹtì sọ pé ayálégbé gbọ́dọ̀ gbàṣẹ, kí n bá òun kọ lẹ́tà. Mo ní ta la ó kọ ọ́ sí. Ó ní kámpánì. Mo ní ta ló máa dáhùn. Ó ní òun ni. Ó sì fi ọjọ́ méjì rò ó kó tó gbà. Mo bi í lọ́jọ́ kan kí ló ń dá ara rẹ̀ láàmú sí, ó ní, "Tí mo bá ń gbé e lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀fẹ́ làwọn ọmọ mi náà á máa gbé e. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ sí í tà á."

Ìjà tó le jù nínú ilé wa ti ibẹ̀ wá. Àkọ́bí rẹ̀, ẹ̀gbọ́n màmá mi tí gbogbo wa ń pè ní Dádì Kàdúná, ṣiṣẹ́ ní Kàdúná fún ọgbọ̀n ọdún. Nígbà tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ kógbá sílé, òun àti ìyàwó rẹ̀ padà sí Minna. Ìyá àgbà ti kun ilé ẹ̀yìn ní Fadikpe dè wọ́n, ó ti ra bẹ́ẹ̀dì tuntun síbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n dé, ó gbé agirimẹ́ǹtì síwájú ọmọ rẹ̀. Dádì Kàdúná kà á, ó tún un kà. Ó ní, "Haba, Màmá." Ojú rẹ̀ pọ́n. Mo wà níbẹ̀, mo sì fẹ́ kí ilẹ̀ la ẹnu gbé mi mì. Ó fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n gbogbo àwẹ̀ ọdún yẹn, kò bá ìyá rẹ̀ ṣínu.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn ò mọ̀ ni pé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyá àgbà wọ ilé ẹ̀yìn lọ, ó fún ọmọ rẹ̀ ní owó ilé ọdún kan. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Dádì Kàdúná lọ san án sí báńkì. Mo bi ìyá àgbà pé kí ló dé tí kò kàn fojú fo ọdún àkọ́kọ́ yẹn. Ó ní, "Ìyá rẹ̀ ló fún un lówó. Kámpánì ló gbà á. Má pa àwọn méjèèjì pọ̀."

Ìgbà tó wá kú, àwọn méjèèjì pọ̀ lójú gbogbo ayé. Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, àwọn ọmọ rẹ̀ ṣèpàdé ní pálọ̀, Dádì Kàdúná sì ní ọ̀rọ̀ náà ò gùn: Màmá ti lọ, kámpánì rẹ̀ náà ti bá a lọ. Kí wọ́n ta ti Bosso kí wọ́n pín in. Kí wọ́n fi yàrá iwájú tí Màmá ń gbé háyà fún àwọn àgùnbánirọ̀. Ó ti yàrá náà pa, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Àwọn yòókù dákẹ́, torí òun ni àgbà. Àwọn àbúrò bàbá wa àgbà tó wá láti Ìkìrun wá sí mi lọ́kàn, èmi tí n kò rí wọn rí.

Fáìlì kámpánì wà nínú yàrá yẹn. Gbogbo rìsíìtì ọdún tó kọjá, gbogbo ohun tí mo fẹ́ fi ṣe ìṣirò fún ọ́fíìsì owó orí, inú rẹ̀ ló wà, kò sì séyìí tí mo ní lórí kọ̀ǹpútà. Mo béèrè kọ́kọ́rọ́ ní oṣù kẹrin, wọ́n ní kí ogójì ọjọ́ pé. Ó pé, wọ́n ní kí Iléyá kọjá. Ó kọjá. Màmá mi ní kí n fi í sílẹ̀, kí wọ́n má baà ní mò ń bá ẹ̀gbọ́n òun jà. Mo mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí mo bá fi í sílẹ̀. Ọdún yìí ò ní síwèé, ọdún tó ń bọ̀ náà ò ní sí, ní ọdún díẹ̀ sí i kámpánì á di òkú lóòótọ́, ẹni tó bá sì lágbára jù á ta èyí tó bá wù ú. Nígbà tí oṣù kẹfà ku ọ̀sẹ̀ kan kó parí, mo wọ kẹ̀kẹ́ láti Bosso, níbi tí mo ti ń ṣe tíṣà, mo lọ bá a nílé ẹ̀yìn láàárọ̀ Sátidé.

Mo kúnlẹ̀. Ó ní kí n dìde.

"Mo mọ ohun tó o bá wá, Àbẹ̀kẹ́. Ẹni tó ni kámpánì ti kú. Ta lo fẹ́ máa kọ ìwé fún?"

"Ẹni tó ni ín ló kú, sà. Kámpánì ò tíì kú. Àmọ́ tí ìwé ò bá délẹ̀, àwa la máa pa á."

Mo rò pé ó fẹ́ lé mi jáde. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Ìyá tó bí mi gbé ìwé síwájú mi bíi pé àjèjì ni mí. Ṣé o mọ bó ṣe rí lára mi? Èmi nìkan, nínú gbogbo ọmọ rẹ̀. Èmi nìkan ni mò ń sanwó nínú ilé ìyá mi."

"Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan, sà. Màmá náà ń san."

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dùn. "Màmá ń san fún ta?"

"Fún kámpánì. Rìsíìtì rẹ̀ wà nínú fáìlì tí ẹ tì mọ́lé."

Ó dìde, ó yọ kọ́kọ́rọ́ lápò kafutáànì rẹ̀, a jọ yí ilé po lọ síwájú.

Òórùn turare rẹ̀ ṣì wà nínú yàrá náà, ó kọlù mí lẹ́nu ọ̀nà. Abọ́ tánganran ńlá kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní ìdérí, inú rẹ̀ ló ń kó ìwé sí, ó ní ikán ò lè jẹ tánganran. Mo ṣí i, mo gbé fáìlì jáde, mo sì fà á fún un kó fúnra rẹ̀ wá a. Ó rí agirimẹ́ǹtì tirẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n fi píìnì so òmíràn mọ́ ọn. Orúkọ ìyá rẹ̀ ló wà lórí ìyẹn. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n kọ méjèèjì, iye kan náà lórí yàrá kọ̀ọ̀kan, òfin kan náà, títí kan ti ìṣó. Ìyá àgbà ti ń sanwó tipẹ́, àmọ́ ọdún yẹn ló tún tirẹ̀ kọ kó lè bá ti ọmọ rẹ̀ dọ́gba. Rìsíìtì rẹ̀ to tẹ̀ léra wọn lẹ́yìn rẹ̀, èmi ni mo fi ọwọ́ kọ gbogbo wọn.

Dádì Kàdúná jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì. Ó tún ọjọ́ tó wà lórí ìwé náà wò.

"Òun ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí tiẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Àárọ̀ ló ti fọwọ́ sí i, kẹ́ ẹ tó jí."

"Kò sì sọ fún mi."

Mo ti béèrè ìbéèrè yẹn lọ́wọ́ ara mi náà. Mo rò pé ìyá àgbà fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ bínú sí òun ju kó dúpẹ́ lọ́wọ́ òun, ṣùgbọ́n ohun tí mo rò nìyẹn, kì í ṣe ohun tó sọ. Dádì Kàdúná bi mí ṣé Màmá ti san tọdún yìí kó tó kú. Mo ní ó san án ní oṣù kìíní, ó di ìparí oṣù kejìlá. Ó gbójú sókè wo aago tó wà lára ògiri. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ náà sí mi lọ́wọ́. Ó ní kí n gbé ìwé mi lọ.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣe é, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń lọ, ó ń bọ̀. Nígbà tó wọlé tán, mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo gbé e lọ sí ọ́fíìsì bí ìyá àgbà ṣe máa ń ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò pọn dandan mọ́. Malam Ndagi ṣì wà níbẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn mi, ó ń wá ẹni kejì.

"Ina Hajiya?" Hajiya dà?

"Allah ya yi mata rasuwa, Malam." Mo ní Ọlọ́run ti gbà á.

Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó jẹ́ kó so mọ́ àyà rẹ̀. Ó ní, "Allah ya jikanta," kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Ó ṣàdúrà fún un pẹ́, àwọn tó wà lórí ìlà ń dúró. Ó wá bi mí ta ló máa máa bá iṣẹ́ náà lọ báyìí.

"Ni ce," mo ní. Èmi ni.

Ó lu òǹtẹ̀ sí i. Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì tí a máa ń jókòó sí, mo ka gbogbo rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ ní Yorùbá, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, n kò fo ìlà kankan. Nígbà tí mo dé ibi òdo, mo sunkún. Mi ò tíì sunkún bẹ́ẹ̀ látọjọ́ tí wọ́n sin ín.

Oṣù kọkànlá la wà yìí. Alfa ti pín ìpín inú kámpánì náà fún àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kálukú ti gba ìwé tirẹ̀. Ilé Bosso ṣì dúró, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe pé gbogbo wọn gba tèmi. Wọ́n ṣì ń pè mí ní Hajiya Kékeré lẹ́yìn mi, mo sì ń gbọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wà ní Fadikpe, mò ń bá ìyàwó Dádì Kàdúná ká aṣọ lórí okùn. Àgùnbánirọ̀ kan wọlé, ọmọ Abẹ́òkúta, káàkí rẹ̀ ṣì ń dán. Dádì Kàdúná ń gbatẹ́gùn lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ fún un.

"Ẹ káàsán, sà. Wọ́n ní yàrá kan ṣófo níwájú."

Dádì Kàdúná yíjú wo fèrèsé yàrá náà, kọ́tìnì rẹ̀ ṣì wà lójú rẹ̀.

"Kò ṣófo," ó ní. "Ẹni tó ń gbé ibẹ̀ ti sanwó di ìparí ọdún. Padà wá ní oṣù kìíní. Wàá sì fọwọ́ síwèé o, torí ìyá tó bí mi náà fọwọ́ sí i."